Apá Ibo Nínú Ilé Náà Ni Tèmi

Lẹ́yìn tí a sin màmá mi tán, tí ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin padà sí Kánádà, tí àbúrò mi obìnrin náà padà sí Lọ́ńdọ́ọ̀nù, èmi nìkan ló ṣẹ́kù sínú ilé wa ní Aké. Ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ni, bàbá mi ló kọ́ ọ nígbà tó ń ṣiṣẹ́ olùkọ́. Yàrá méje ló wà níbẹ̀, ẹyọ kan ṣoṣo ni mo ń lò. Láràárọ̀ Sátidé, mo máa ń ṣí fèrèsé àwọn yòókù kí afẹ́fẹ́ lè wọlé, màá sì padà tì wọ́n nírọ̀lẹ́. Tí mo bá ń lọ síbi iṣẹ́, mo máa ń fi rédíò sílẹ̀ kó máa sọ̀rọ̀, kí n lè bá ohùn èèyàn nílé nígbà tí mo bá dé. Olùkọ́ lèmi náà, ní iléèwé girama kan tí kò jìnnà sílé. Mo máa ń sọ̀rọ̀ púpọ̀ ní kíláàsì, nítorí iṣẹ́ ni. Ṣùgbọ́n láti ìrọ̀lẹ́ Jímọ̀ títí di àárọ̀ Àìkú tí màá lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, ìgbà mìíràn wà tí mi ò ní la ẹnu mi sí ẹnikẹ́ni rárá.

Ìdí nìyẹn tí mo fi ń ka gbogbo ohun tí àwọn tí a jọ jáde ìwé bá kọ sínú ẹgbẹ́ wa lórí wásáàpù. Iléèwé àwọn obìnrin ni a lọ, inú ọgbà iléèwé náà ni a sì ń gbé. A ti tó ẹni àádọ́ta ọdún báyìí, àwọn kan tilẹ̀ ti ní ọmọ-ọmọ. Èmi kì í kọ nǹkan síbẹ̀. Tí ẹnì kan bá ń ṣe ọjọ́ ìbí, màá fi àwòrán òdòdó ránṣẹ́, ó parí.

Ní ọ̀sán ọjọ́ Àìkú kan, ọ̀kan nínú wa tó ń ṣiṣẹ́ ní báńkì ní Èkó kọ ọ́ síbẹ̀ pé ọmọ òun obìnrin ti fẹ́ mú òun ya wèrè. Ó ní ọmọ náà ń ka ìwé ìtàn òyìnbó kan tí wọ́n ti pín àwọn èèyàn sí agbo mélòó kan gẹ́gẹ́ bí ìwà wọn. Ó wá dáhùn ìbéèrè lórí fóònù láti mọ agbo tirẹ̀, láti ìgbà náà, tí wọ́n bá ní kó fọ abọ́, á ní àwọn ará agbo tòun kì í fọ abọ́.

Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà ni ẹnì kan, ìyàwó pásítọ̀ ni, kọ ọ́ pé, “Ìwọ náà ṣe jù bẹ́ẹ̀ lọ nígbà yẹn. Àbí ẹ ti gbàgbé Ilé Ńlá ni?”

Mo gbé ife tíì tí mo mú lọ́wọ́ kalẹ̀.

Èmi ni mo kọ Ilé Ńlá. Ọmọ ọdún mẹ́tàlá ni mí nígbà náà, mo wà ní kíláàsì kejì. Ìtàn ni, mo kọ ọ́ sínú ìwé ìkọ̀wé mẹ́ta. Yorùbá ni mo fi kọ ọ́, nítorí wọ́n máa ń jẹ wá níyà tí a bá sọ Yorùbá nínú ọgbà iléèwé, bí mo sì ṣe ń kọ ohun tí wọ́n ní a ò gbọ́dọ̀ sọ, ó ń dùn mọ́ mi. Ìtàn ilé kan tó tóbi tó ìlú ni. Apá mẹ́rin ni ilé náà ní, tí ọmọ inú ilé bá ti pé ọdún méjìlá, wọ́n á mú un dúró sí àárín ilé, wọ́n á sì bi í ní ìbéèrè márùn-ún. Bó bá ṣe dáhùn ni ilé á ṣe pè é sí apá tí á máa gbé títí ayé.

Àwọn ará Ìloro ni wọ́n ń gbé níwájú. Wọ́n láyà, wọ́n mọ̀rọ̀ọ́ sọ, àwọn ni wọ́n ń kí àlejò, àwọn náà ni wọ́n ń kojú ọ̀tá. Àwọn ará Ìdí Ààrò ni olójú àánú, wọn kì í jẹun kí wọ́n má pe ẹlòmíràn sí i. Àwọn ará Àjà ń gbé lókè, wọ́n ń ronú, ọ̀rọ̀ àṣírí ilé wà lọ́wọ́ wọn. Àwọn ará Ẹ̀yìnkùlé ló kù. Àwọn ló ń pọnmi, tó ń gbálẹ̀, tó ń fọṣọ. Wọ́n mọ ìró ẹsẹ̀ gbogbo ará ilé, ṣùgbọ́n tí àlejò bá dé, kò sẹ́ni tó ń ránṣẹ́ pè wọ́n.

Ọ̀rẹ́ mi kan ló kọ́kọ́ kà á. Ó fún ẹlòmíràn. Kó tó di pé a gba ìsinmi, gbogbo kíláàsì wa ti kà á, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí wá bá mi lórí ibùsùn mi nírọ̀lẹ́ pé kí n bi àwọn ní ìbéèrè márùn-ún náà. Tí o bá rí ọmọ kékeré tó ń sunkún lójú ọ̀nà, kí lo máa kọ́kọ́ ṣe? Tí àwọn ọ̀rẹ́ rẹ méjì bá ń jà ńkọ́? Tí wọ́n bá fi ẹ̀sùn ohun tí o kò ṣe kàn ọ́, kí lo máa sọ? Wọ́n á dáhùn, màá ronú díẹ̀, màá sọ apá tí ilé pè wọ́n sí, màá sì kọ orúkọ wọn sẹ́yìn ìwé. Ọmọ tí kì í dá sí mi tẹ́lẹ̀ á wá jókòó, á tẹ́tí sí ẹnu mi bí ẹni tó ń gbọ́ ìdájọ́. Mi ò tíì rí irú ẹ̀ rí. Kí n tó kọ ìtàn yẹn, bí mi ò bá wá síbi oúnjẹ, bóyá ni ẹnì kan á mọ̀.

Lórí fóònù lọ́jọ́ Àìkú yẹn, ọ̀rọ̀ náà ń ya wọlé. Èyí tó ń ṣiṣẹ́ ní báńkì ní ará Ìloro ni òun, kò sì ya òun lẹ́nu pé òun ló ń ṣe olórí ẹ̀ka iṣẹ́ òun. Ìyàwó pásítọ̀ ní ará Ìdí Ààrò ni òun títí dòní, kí wọ́n bi àwọn ọmọ ìjọ. Dókítà kan tó wà ní Jámánì ní òun ò gbàgbé láé pé Àjà ni wọ́n pe òun sí, pé ọ̀rọ̀ yẹn ló jẹ́ kí òun tẹra mọ́ ìwé, torí òun ò fẹ́ kí wọ́n lé òun sọ̀kalẹ̀. Ó tó ogún èèyàn tó sọ̀rọ̀. Kálukú ló ń fi ìgbésí ayé rẹ̀ ṣe ẹ̀rí pé ibi tí ilé pe òun sí, ibẹ̀ náà ni òun ń gbé. Mi ò rí ẹnì kan tó ní Ẹ̀yìnkùlé ni òun. Ṣùgbọ́n mo rántí pé mo kọ orúkọ síbẹ̀.

Mo ń kà á, mo ń rẹ́rìn-ín nìkan nínú pálọ̀. Ó pẹ́ díẹ̀ kí n tó rí i pé kò sẹ́ni tó dárúkọ mi. Mo tẹ ọ̀rọ̀ kan, mo pa á rẹ́, mo tún un tẹ̀: “Èmi ńkọ́? Apá ibo ni mo wà?”

Lẹ́yìn ìṣẹ́jú mélòó kan, èyí tó wà ní báńkì ní, “Ṣé kì í ṣe Àjà?” Ẹnì kan ní ó jọ òun lójú pé Ìdí Ààrò ni. Ẹlòmíràn ní, “Dúró ná, ṣé ìwọ lo kọ ọ́ ni? Èmi rò pé sìńíọ̀ wa kan ni.” Lẹ́yìn ìyẹn ni akọ̀wé ẹgbẹ́ fi ìkéde ìsìnkú bàbá ẹnì kan sí i, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí kí ọmọ olóòkú, ọ̀rọ̀ Ilé Ńlá sì tán síbẹ̀.

Mo gòkè lọ sí yàrá màmá mi. Màmá mi kì í da nǹkan nù. Abẹ́ bẹ́ẹ̀dì rẹ̀ ni àpótí tó kó ìwé àwa ọmọ rẹ̀ sí wà, láti káàdì iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ títí dé ìwé ẹ̀rí. Mo rí ìwé ìkọ̀wé méjì nínú mẹ́ta. Ikán ti jẹ etí ọ̀kan. Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, mo kà á láti ìbẹ̀rẹ̀.

Ohun méjì ló yà mí lẹ́nu. Èkínní ni pé orúkọ mi ò sí nínú orúkọ tó wà lẹ́yìn ìwé náà. Gbogbo kíláàsì wà níbẹ̀, títí kan ọmọ tó fi iléèwé wa sílẹ̀ láàárín ọdún. Mo wá rántí. Mo ti gbìyànjú láti bi ara mi ní ìbéèrè márùn-ún yẹn lọ́jọ́ kan, níbi ìkàwé ìrọ̀lẹ́. Mi ò lè dáhùn. Bí mo bá ti fẹ́ dáhùn, mo ti mọ ibi tí ìdáhùn náà á gbé mi lọ, nítorí èmi ni mo là á sílẹ̀. Tí mo bá ní màá ké pe èèyàn wá sọ́dọ̀ ọmọ tó ń sunkún náà, mo mọ̀ pé Ìloro ni mo ń wá. Tí mo bá ní màá fún ọmọ náà lóúnjẹ, mo mọ̀ pé irọ́ ni. Mo pa ìwé dé.

Èkejì ni pé ojú ìwé mẹ́ta péré ni mo fi sọ̀rọ̀ Ìloro, tí Àjà àti Ìdí Ààrò kò sì jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ̀yìnkùlé gba ojú ìwé mọ́kànlá. Mo kọ bí wọ́n ṣe ń jókòó sórí ìkòkò tí wọ́n dojú rẹ̀ dé tí wọ́n bá ṣiṣẹ́ tán. Mo kọ orin tí wọ́n ń kọ tí ẹlòmíràn ò gbọ́ rí. Mo kọ bí wọ́n ṣe mọ ìgbà tí ìyá àgbà inú ilé ń ṣàìsàn kí dókítà tó mọ̀, nípa aṣọ rẹ̀ tí wọ́n ń fọ̀. Níbo ni mo ti rí gbogbo ìyẹn?

Orúkọ ẹni mẹ́rin ló wà lábẹ́ Ẹ̀yìnkùlé. Mo mọ ọ̀kan dáadáa. Ọmọ Ọ̀fàdà ni. Ibùsùn tirẹ̀ ló tẹ̀ lé tèmi, èmi lókè, òun nísàlẹ̀. Kì í sọ̀rọ̀. Nígbà tó dáhùn ìbéèrè márùn-ún tán, mi ò tilẹ̀ ronú kí n tó sọ fún un pé Ẹ̀yìnkùlé ni. Ọjọ́ kejì, ó padà wá pé òun ti tún ìdáhùn òun rò. Mo ní ilé kì í pe èèyàn lẹ́ẹ̀mejì. Ó tún wá lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ó mú gúgúrú dání. Mo jẹ gúgúrú náà, mo sì sọ ọ̀rọ̀ kan náà fún un.

Lọ́jọ́ kejì tí mo ka ìwé náà, nígbà tí mo ń máàkì iṣẹ́ àwọn ọmọ ní yàrá olùkọ́, fóònù mi dún. Ọmọ Ọ̀fàdà yẹn ni, bí ẹni pé ó mọ̀. Ó gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀, ó fi ránṣẹ́ sí èmi nìkan. Mo gbé e sétí.

“O kú ọjọ́ mẹ́ta. Mo rí ìbéèrè tí o bi wọn lánàá. Kò sẹ́ni tó dá ọ lóhùn. Ìrẹsì ni mò ń ṣe báyìí ní Ọ̀fàdà. Tí àyè bá gbà ọ́ ní Sátidé, máa bọ̀.”

Mo gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀mẹta. Kì í ṣe ohùn ọmọ tí mo mọ̀. Ohùn yẹn tó ohùn ẹni tó ń pàṣẹ.

Ní Sátidé, mo wọ ọkọ̀ ní Kútọ̀, mo sọ̀ kalẹ̀ ní Mòwé, mo sì gun ọ̀kadà wọ Ọ̀fàdà. Mi ò débẹ̀ rí, bẹ́ẹ̀ ọdọọdún ni mò ń jẹ ìrẹsì wọn. Òórùn ìrẹsì tí wọ́n ń bọ̀ ló fi ọ̀nà hàn mí. Àgbá ńláńlá mẹ́ta wà lórí iná, èéfín bo ibẹ̀, wọ́n sì ti tẹ́ tapólì sílẹ̀ tí ìrẹsì wà lórí rẹ̀ lọ súà bíi yanrìn. Àwọn obìnrin bíi mẹ́jọ ń fi ẹsẹ̀ tú u kó lè gbẹ. Obìnrin kan tó sán ìró mọ́dìí, tó fi gèlè wé orí bó ṣe wù ú, ń bá awakọ̀ kan sọ̀rọ̀ pé ẹrù tó gbé wá kò pé, kó padà lọ kó ìyókù wá. Awakọ̀ náà ń wí àwíjàre. Kò jọ pé obìnrin náà gbọ́ tirẹ̀. Nígbà tí ọkọ̀ náà yí padà lọ tán ló rí mi.

“O ti rù,” ló kọ́kọ́ sọ. Ó dì mọ́ mi. Ara rẹ̀ gbóná nítorí iná.

Ó mú mi lọ sábẹ́ igi máńgòrò, ó gbé atẹ ìrẹsì kan lé mi lẹ́sẹ̀, ó gbé òmíràn sí ẹsẹ̀ ara rẹ̀, a bẹ̀rẹ̀ sí ṣa òkúta. Ó bi mí léèrè màmá mi. Mo ní ó ti kú. Ó ní òun gbọ́, òun kàn fẹ́ kí n sọ ọ́ ni. Lẹ́yìn náà ni mo bi í léèrè ohun tó wà lọ́kàn mi láti Àìkú.

“Kí ló dé tí o kò sọ̀rọ̀ nígbà tí wọ́n ń sọ ti Ilé Ńlá?”

Ó ju òkúta kan nù. “Kí ni kí n sọ? Pé Ẹ̀yìnkùlé ni mo wà?”

“Mo ti gbàgbé pé ó dùn ọ́ tó bẹ́ẹ̀.”

“O ò gbàgbé,” ó ní. “O ò mọ̀ ni. Mo sunkún lálẹ́ ọjọ́ yẹn, mo fi aṣọ bo orí kí o má baà gbọ́ lókè. Ṣùgbọ́n ẹkún kọ́ ni ọ̀ràn. Ohun tó ṣe mí ni pé mo gbà á. Nígbà tí mi ò yege ìdánwò àṣejáde lẹ́ẹ̀kíní, mo ní, ó dáa náà, ará Ẹ̀yìnkùlé. Nígbà tí ọkọ mi ń sọ̀rọ̀ sí mi bó ṣe wù ú, mo ní, ará Ẹ̀yìnkùlé. Mi ò sọ ọ́ síta o. Èèyàn á rò pé ọ̀rọ̀ eré ọmọdé ti kúrò lára òun. Nígbà tí àwọn obìnrin onírẹsì níbí ní kí n wá ṣe olórí ẹgbẹ́ wọn, ọdún mẹ́ta gbáko ni mo fi ń sọ pé kí wọ́n wá ẹni tó mọ̀rọ̀ọ́ sọ.”

“Kí ló wá yí ọ lọ́kàn padà?”

“Òjò. A sá ìrẹsì gbogbo ẹgbẹ́ síta lọ́jọ́ kan, òjò ṣú lẹ́ẹ̀kan náà, kálukú ń sáré lọ síbi tirẹ̀, tapólì ń fò. Mi ò mọ ìgbà tí mo gun orí àgbá. Mo pariwo mọ́ wọn. Mo ní èyí gbá etí ibí mú, èyí lọ sọ́hùn-ún. Àwọn ọkùnrin tó ń kọ́lé lódìkejì gan-an fi ṣọ́bìrì sílẹ̀, wọ́n sáré wá. Nígbà tí òjò dá, mo jókòó. Mo ń bi ara mi pé ta ló sọ pé mi ò lóhùn. Ọmọ ọdún mẹ́tàlá kan ni, tí kò dé ilé wa rí, tí kò rí mi níbi tí mo ti ń bá àwọn ẹ̀gbọ́n mi jà.”

Mi ò lè gbójú sókè. Mo ní, “Jọ̀ọ́, má bínú.”

“Mo ti bínú tán tipẹ́,” ó ní. Ohùn rẹ̀ kò le, kò sì rọ̀. “Ṣa òkúta rẹ.”

A ṣà á fún ìgbà díẹ̀. Obìnrin kan wá kí mi, “Ẹ káàbọ̀, mà,” ó gbé omi fún mi. Nígbà tó lọ, mo sọ fún ọ̀rẹ́ mi pé orúkọ mi ò sí nínú ìwé náà. Mo sọ fún un pé mo gbìyànjú láti dáhùn ìbéèrè mi fúnra mi tí mi ò lè dáhùn.

Ó rẹ́rìn-ín fún ìgbà àkọ́kọ́. “Èmi lè bá ọ dáhùn wọn. Abẹ́ rẹ ni mo sùn fún ọdún mẹ́ta. Tí ọ̀rẹ́ méjì bá ń jà, kí lo máa ń ṣe? O máa ń kúrò níbẹ̀, o máa lọ jókòó síbòmíràn, o máa kọ ọ́ sílẹ̀. Nígbà tí wọ́n ní ìwọ lo fọ́ gíláàsì fèrèsé, tí kì í sì í ṣe ìwọ, kí lo sọ?”

“Mi ò sọ nǹkan kan.”

“O fi ọjọ́ mẹ́ta gé koríko. Mo mọ ẹni tó fọ́ ọ. Ìwọ náà mọ̀ ọ́n. Tí ọmọ kékeré bá ń sunkún lójú ọ̀nà ńkọ́?”

Mo rò ó. Mo rò ó dáadáa, torí ojú rẹ̀ wà lára mi. “Màá dúró tì í títí èèyàn rẹ̀ á fi dé.”

“O ò ní sọ̀rọ̀?”

“Bóyá mi ò ní sọ̀rọ̀.”

Kò sọ ibi tí ìdáhùn wọ̀nyẹn gbé mi lọ. Kò nílò rẹ̀, èmi ni mo kọ ọ́. Mo gbé ojú mi lọ síbi tí wọ́n ti ń tú ìrẹsì. Mo rí ohun tí mo ṣe kedere. Ìgbésí ayé ara mi ni mo kọ sí ojú ìwé mọ́kànlá yẹn. Ojú ti mí débi pé mi ò lè kọ orúkọ mi síbẹ̀, mo wá wá ẹni tó jọ mí jù nínú kíláàsì, mo fi tirẹ̀ dí àyè mi. Ìdí nìyẹn tí mi ò fi ronú kí n tó dájọ́ fún un. Ìdí nìyẹn tí mi ò fi jẹ́ kó jáde.

Mo sọ ọ́ fún un bẹ́ẹ̀. Ó ṣa òkúta mélòó kan nù.

“Mo máa ń wò ọ́ lọ́jọ́ ìbẹ̀wò,” ó ní lẹ́yìn náà. “Màmá rẹ á wá, á gbé oúnjẹ kalẹ̀, á bi ọ́ bóo ṣe ṣe nínú ìdánwò, á lọ. Kò ju ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lọ. O máa ń pín oúnjẹ náà, o ò ní jókòó ti ẹnikẹ́ni jẹ ẹ́. Mo fẹ́ kí o pè mí nígbà yẹn. Kò sí apá tí o lè pè mí sí tó máa dùn mọ́ mi bíi kí o pè mí wá jókòó.”

Mo ní mi ò mọ̀.

“Mo mọ̀ pé o ò mọ̀. Ọmọdé ni wá.”

Ó di ìrẹsì kóńgò méjì fún mi nígbà tí mo ń lọ, ó sì sìn mí dé ibi tí ọ̀kadà wà. Kò sọ pé ká máa bá ara wa sọ̀rọ̀. Ó ní iṣẹ́ pọ̀ lọ́wọ́ òun títí wọ́n á fi kórè tán, ṣùgbọ́n tí mo bá fẹ́ wá ṣa òkúta, kí n wá.

Nínú ọkọ̀ tí mo wọ̀ padà, mo kọ ọ́ sínú ẹgbẹ́ wa pé mo ti rí ìwé náà, pé Ẹ̀yìnkùlé ni mo wà. Ẹni méjì na àtàǹpàkò sókè. Ìyàwó pásítọ̀ ní, “Rárá o, kò lè jẹ́ ìwọ, oníwà pẹ̀lẹ́ bíi tìẹ.” Kò sẹ́ni tó tún sọ nǹkan kan. Ó dùn mí díẹ̀. Lẹ́yìn náà, mi ò rí ìdí tó fi yẹ kó dùn mí. Nígbà tí wọ́n ń kà á, ara wọn ni wọ́n ń wá nínú ìwé yẹn. Èmi ni mi ò wá ara mi.

Lóṣù tó tẹ̀ lé e, ẹ̀gbọ́n mi pè láti Kánádà. Àbúrò màmá wa obìnrin tó ń gbé ní Òwu ti ṣubú, ẹsẹ̀ rẹ̀ ti ṣẹ́. Ẹ̀gbọ́n mi ní òun àti àbúrò wa ti jíròrò. Wọ́n rò pé ó máa dáa tí mo bá kó lọ sí Òwu lọ máa tọ́jú wọn, tàbí kí n gbé wọn wá sílé.

“Ìwọ náà mọ̀,” ó ní, “nínú àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ìwọ lo ní sùúrù.”

Láti kékeré ni wọ́n ti ń sọ ọ́. Ẹ̀gbọ́n mi ló lórí ìwé, àbúrò mi ló lẹ́wà, èmi ni mo ní sùúrù. Bàbá wa ló pín in bẹ́ẹ̀ nídìí oúnjẹ, nígbà tí èyí tó kéré jù nínú wa kò ju ọmọ ọdún mẹ́rin lọ. Kò béèrè ìbéèrè kankan lọ́wọ́ wa. Sùúrù yẹn ni mo fi tọ́jú màmá mi fún ọdún mọ́kànlá. Mo wẹ̀ fún wọn, mo fi ṣíbí bọ́ wọn, mo gbé wọn wọ ṣọ́ọ̀ṣì. Ẹnì kan fẹ́ fẹ́ mi lásìkò náà. Ó dúró títí, ó lọ. Àwọn èèyàn á ní, ẹ ò rí i bó ṣe ní sùúrù. Ọ̀pọ̀ ọjọ́ ni mo ti ilẹ̀kùn balùwẹ̀ tí mo gé aṣọ ìnura jẹ kí n má baà ké.

Mo ní, “Bọ̀dá mi, mi ò ní sùúrù.”

“Kí lo wí?”

“Mo ní mi ò ní sùúrù. Mi ò rò pé mo ní in rí. Mo tọ́jú màmá nítorí pé mo fẹ́ràn wọn, nítorí pé ẹ̀yin náà ti lọ. Màá máa lọ wo àǹtí ní Òwu lójoojúmọ́ tí mo bá kúrò níbi iṣẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká wá ẹni tó mọ iṣẹ́ náà tí á máa bá wọn gbé. Mi ò lè tún ṣe é.”

Mo gbọ́ tí ọkọ̀ ń kọjá lọ lọ́dọ̀ wọn. Mo rò pé ó máa bínú. Ó ní òun gbọ́. Ó ní òun á bá àbúrò wa sọ̀rọ̀.

Wọ́n ṣe é bẹ́ẹ̀. Nọ́ọ̀sì kan tó ti fẹ̀yìn tì ló ń bá àǹtí gbé báyìí, ó ń bá wọn jà lórí oògùn, àǹtí sì fẹ́ràn rẹ̀. Tí mo bá dé lọ́sàn-án, a máa ń jókòó síta, mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wa, a máa ń wo àwọn tó ń bọ̀ láti mọ́ṣáláṣí. Tó bá di àárín aago márùn-ún sí mẹ́fà, màá padà sí Aké, sínú ilé tí kò sẹ́nì kankan. Ìyẹn ò yí padà. Mo ti lọ sí Ọ̀fàdà lẹ́ẹ̀mejì sí i. Lọ́jọ́ kan, ọ̀rẹ́ mi kò ráyè, mo ṣa òkúta pẹ̀lú àwọn obìnrin yòókù, mo wá sílé.

Lọ́sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn, ẹ̀gbọ́n mi tún pè. Ó béèrè àlàáfíà àǹtí, ó sì kí mi. Lẹ́yìn náà ló ní òun ti ń ro ohun tí mo sọ lọ́jọ́ yẹn. Ó ní ó jọ òun lójú pé òun ò mọ̀ mí tó bó ṣe yẹ kí òun mọ̀ mí, òun sì ti lé ní àádọ́ta ọdún.

“Kí lo fẹ́ràn?” ó ní. “Kì í ṣe oúnjẹ ni mò ń sọ. Ohun tó bá ṣáà ti wù ọ́.”

Mo sọ fún un pé kó fún mi láyè kí n rò ó wò. Ó ní kò sí wàhálà, òun ò lọ síbì kankan.

Mo ṣì ń rò ó.